Ẹ kọ́kọ́ wo òrùlé: lẹ́tà ṣíṣí lórí Ayasofya

Sí Ilé-iṣẹ́ Ìjọba tó ń rí sí Àṣà àti Ìrìnàjò Afẹ́ ní ilẹ̀ Tọ́kì, àti sí gbogbo ẹni tí àbójútó ohun-ìní wákàfù (èyí tí a yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀sìn) wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ níbẹ̀; ẹ̀dà kan sí Ìgbìmọ̀ Ogún Àgbáyé ti UNESCO.

Ẹ̀yin àgbà wa,

A kí yín. A sì kí àwọn oníṣẹ́ tó ń gun orí irin lọ sókè lójoojúmọ́ nínú Ayasofya (Hagia Sophia), ilé àdúrà àtijọ́ tó wà ní Istanbul: ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ewu, ẹ ò ní ṣubú o.

Láti 2025 tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ lórí òrùlé ńlá yẹn la ti ń fetí sí ohun tí ẹ ń sọ nípa rẹ̀. Irú iṣẹ́ báyìí kì í wáyé léraléra. Láti ìgbà tí àwọn ọ̀mọ̀lé tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Fossati, Gaspare àti Giuseppe, ti tún ilé náà ṣe láàárín 1847 sí 1849, ó ṣọ̀wọ́n kí àǹfààní wà láti ká òjé orí rẹ̀ kúrò, kí a sì fojú kan bíríkì tó wà lábẹ́. Ohun tí ẹ bá ṣe sí i báyìí, ọmọ ọmọ yín ni yóò bá a níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ní ká tètè kọ̀wé, kí iṣẹ́ tó jìnnà.

Ẹ lè bi wá pé kí ló kan Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ ilé tó wà ní Istanbul. Láti ọ̀dọ̀ yín ni oyè Bey ti wá bá Mohammed Shitta ní Èkó. Sultan Abdulhamid Kejì ló fi dá a lọ́lá, oyè náà sì wà lára orúkọ mọ́sálásí Shitta-Bey títí dòní. João Baptista da Costa, ọ̀mọ̀lé Agùdà, ló ṣáájú iṣẹ́ mọ́sálásí náà, wọ́n sì ṣí i ní ọjọ́ kẹrin oṣù Keje 1894. Ọjọ́ mẹ́fà péré lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Keje, ìmìtìtì ilẹ̀ mi Istanbul jìgìjìgì. Díẹ̀ nínú àwọn mósáìkì Ayasofya (àwòrán tí a fi ègé kéékèèké tò mọ́ ògiri) tí àwọn Fossati ti yà sínú ìwé kò sí mọ́ lónìí, ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún yẹn ni wọ́n sì sábà máa ń dá lẹ́bi.

A mọ̀ pé bí ènìyàn bá ti dárúkọ Ayasofya, àríyànjiyàn lórí ẹni tó ni ín ló ń tẹ̀lé e. Ó ti jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì láti 537. Àwọn ọmọ ogun Kátólíkì gbà á lọ́wọ́ àwọn Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì láti 1204 sí 1261. Sultan Mehmed Kejì sọ ọ́ di mọ́sálásí ní 1453. Àṣẹ ìjọba tó jáde ní oṣù Kọkànlá 1934 sọ ọ́ di mùsíọ́mù. Ilé-ẹjọ́ fagi lé àṣẹ yẹn ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Keje 2020, wọ́n sì kírun Jímọ̀ níbẹ̀ ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kan náà. Nínú àwa tí a fọwọ́ sí lẹ́tà yìí, àwọn kan ń kírun, àwọn kan ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, èrò wa lórí ìdájọ́ 2020 kò sì rí bákan náà. Ohun tí a jọ gbà ni pé ariwo yẹn ti gba àyè tó yẹ kí ọ̀rọ̀ òjé, láìmù (ẹfun òkúta tí wọ́n fi ń po mọ́tà, kì í ṣe èso) àti iyọ̀ gbà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti òkè, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àìsàn ilé náà ti ń wá. Òrùlé náà dà bí igbá ńlá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Ó fẹ̀ tó mítà 31, orí rẹ̀ sì ga ju mítà 55 lọ sí ilẹ̀. Egungun bíríkì 40 ló gbé e dúró, fèrèsé 40 sì yí ìdí rẹ̀ ká. Ṣùgbọ́n kì í ṣe igbá ẹyọ kan. Èyí tí àwọn ọ̀mọ̀lé àkọ́kọ́, Anthemius ará Tralles àti Isidore ará Miletus kọ́kọ́ gbé ka orí rẹ̀ tẹ́ jù, ó sì wó ní oṣù Karùn-ún 558. Isidore Kékeré gbé òmíràn dìde tó ga ju ti àkọ́kọ́ lọ ní nǹkan bíi mítà 6, wọ́n sì tún ilé náà yà sí mímọ́ ní 562. Ìmìtìtì ilẹ̀ 989 wó apá ìwọ̀-oòrùn. Trdat, ọ̀gá ọ̀mọ̀lé ará Àméníà, ló tún un ṣe, ilé sì ṣí padà ní 994. Ní 1346, apá ìlà-oòrùn tún já. Iṣẹ́ ìgbà mẹ́ta ló wà lókè yẹn lónìí: ìhà àríwá àti gúúsù jẹ́ ti 562, ìwọ̀-oòrùn jẹ́ ti Trdat, ìlà-oòrùn sì jẹ́ ti àwọn tó tún un ṣe lẹ́yìn 1346. Ojú ibi tí àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí ti pàdé ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bíríkì wọn kò jinná bákan náà, mọ́tà wọn kò rí bákan náà, bí ilẹ̀ bá sì mì, wọn kò ní mì bákan náà.

Mọ́tà ibẹ̀ ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Ní Ayasofya, mọ́tà tó wà láàárín bíríkì kan sí ìkejì sábà máa ń nípọn tó bíríkì fúnra rẹ̀, ó tilẹ̀ máa ń jù ú lọ. Láìmù tí a pò mọ́ bíríkì fífọ́ ni, èyí tí ẹ̀yin ń pè ní horasan. Ó lágbára, ṣùgbọ́n kì í tètè gan. Ọdún márùn-ún àti oṣù mẹ́wàá ni wọ́n fi kọ́ odindi ilé náà, láti oṣù Kejì 532 sí oṣù Kejìlá 537. Mọ́tà ìsàlẹ̀ kò tíì gan tán tí ẹrù òkè fi dé bá a. Ohun tó mú kí àwọn òpó ńlá mẹ́rin tó gbé òrùlé tẹ̀ síta nìyẹn, tí igbá náà kò sì fi rí rọ̀bọ̀tọ̀ geere: bí ẹ bá wọ̀n ọ́n yíká, fífẹ̀ rẹ̀ ń lọ láti mítà 30.86 sí mítà 31.24. Ẹnjiníà tó bá dé ibẹ̀ pẹ̀lú àwòrán tí gbogbo rẹ̀ gún régé, ilé mìíràn ló yà, kì í ṣe Ayasofya. Ẹ wọn ilé náà bó ṣe wà, pẹ̀lú wíwọ́ rẹ̀ àti títẹ̀ rẹ̀, kí ẹ tó ṣírò ohunkóhun.

Lórí bíríkì yìí ni òjé wà. Òjé ń fẹ̀ nínú ooru, ó ń sún kì nínú òtútù, ó sì wúwo. Díẹ̀díẹ̀ ló ń yọ́ rìn sísàlẹ̀ níbi tó bá ti dagun. Abala tó gùn jù, tí wọ́n sì kàn mọ́lẹ̀ pinpin, kò ní ibi tí yóò sún sí. Yóò kọ́kọ́ wú, lẹ́yìn náà yóò ya ní ìdí ìṣó tàbí ní ojú ìsopọ̀. Yíya náà lè má ju fọ́nrán irun lọ. Òjò yóò gba ibẹ̀ wọlé, kò sì ní kán sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni rí i, inú bíríkì ni yóò máa rìn.

Ìṣòro mìíràn ń ti ìsàlẹ̀ wá. Èémí èrò inú ilé ń gòkè, ó ń bá òjé tútù pàdé, ó sì ń di omi sí i lábẹ́. Omi yẹn ń jẹ òjé láti ẹ̀yìn títí yóò fi di ìyẹ̀fun funfun. Òjé tí ojú òde rẹ̀ dára lè ti tán nínú. Nítorí náà, ẹ má fojú wò ó láti ìta nìkan. Ẹ ṣí abala kan ní ìhà kọ̀ọ̀kan, ẹ dojú rẹ̀ dé, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ wọn bó ṣe nípọn tó sí. Kí àwọn abala tuntun má gùn jù. Kí a ká etí wọn mọ́ ara wọn kí wọ́n lè sún, kí ìṣó má pọ̀. Kí afẹ́fẹ́ sì rí àyè rìn lábẹ́ wọn.

Omi tó bá wọlé ló ń gbé iyọ̀ kiri. Iyọ̀ ti wà nínú bíríkì, ó wà nínú mọ́tà, ó wà nínú àtúnṣe àwọn tó ti ṣe é kọjá. Omi á yọ́ ọ, á gbé e wá sí ojú ògiri, omi á fà, iyọ̀ á sì gan sẹ́yìn ọ̀dà tàbí sẹ́yìn mósáìkì. Bó bá ṣe ń gan ló ń wú, bó sì ṣe ń wú ló ń ti ohun tó wà níwájú rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Òun ni funfun tó dà bí òwú tí àwọn èrò ń rí lára ògiri òkè, òun náà ló ń mú kí ọ̀dà máa ṣí bí èèpo. Ohun tí ọwọ́ máa ń yá sí ni láti fi omi nù ún, kí wọ́n sì kùn ún ní ọ̀dà tuntun. Bí a bá fi omi nù ún, iyọ̀ yóò yọ́ padà sínú ògiri, yóò tún jáde ní ọdún tó ń bọ̀. Bí a bá fi ọ̀dà òde òní tí kì í jẹ́ kí ògiri mí kùn ún, iyọ̀ yóò kóra jọ sẹ́yìn rẹ̀, ọjọ́ tí yóò bá bọ́, yóò gbé ojú ògiri àtijọ́ dání.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ kọ́kọ́ dí ibi tí omi ń gbà wọlé. Ẹ dúró kí ògiri gbẹ, ẹ má sì kánjú, nítorí ògiri tó nípọn bẹ́ẹ̀ kì í gbẹ láàárín oṣù kan. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tó gbẹ ni kí ẹ fi gbá iyọ̀ tó wà lójú, kí ẹ sì kó o jáde kúrò nínú ilé. Fún èyí tó wà nínú, ẹ po ìwé tí a lọ̀ kúnná mọ́ omi tí kò ní iyọ̀ kankan nínú, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kó nípọn tó ìka kan, ẹ jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀ kó lè fa iyọ̀ mọ́ra, ẹ ká a kúrò, ẹ wọn iyọ̀ tó wà nínú rẹ̀, ẹ tún lẹ òmíràn. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó yẹ kí iyọ̀ náà máa dín kù. Bí kò bá dín, ẹ padà sí òkè, omi ṣì ń wọlé níbì kan. Ẹ má lẹ ẹ́ mọ́ ojú mósáìkì tí kò dúró dáadáa, ìwúwo rẹ̀ nìkan tó láti já a bọ́.

Ní ti sìmẹ́ǹtì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kó gun òkè yẹn rárá. Ẹni tó bá mọ àwọn ilé Agùdà ní Èkó àti ní Porto-Novo ti rí ohun tí sìmẹ́ǹtì ń fi ògiri àtijọ́ ṣe: omi á há sínú, bíríkì á rọ̀, ojú tí wọ́n rẹ́ á wá ya bọ́ ní odindi. Sìmẹ́ǹtì le ju bíríkì 562 lọ. Níbi tí mọ́tà láìmù ti lè gba ìwọ̀n díẹ̀ mọ́ra nígbà tí ilẹ̀ bá mì, òun yóò dúró gbagidi, bíríkì ni yóò sì fọ́. Ó tún ní iyọ̀ tirẹ̀ nínú. Láìmù tí a ti rẹ sínú omi fún ọ̀pọ̀ oṣù ni kí ẹ lò, ìwọ̀n kan rẹ̀ sí ìwọ̀n méjì tàbí mẹ́ta bíríkì fífọ́ àti yanrìn tí a ti fọ iyọ̀ kúrò lára rẹ̀. Bíríkì tí iná kò pa jù ni kí ẹ fọ́. Èyí tó ti jinná jù kì í bá láìmù dàpọ̀ di ọ̀kan, yanrìn lásán ló jẹ́ fún un. Ẹ fi omi rin bíríkì àtijọ́ kí mọ́tà tó kàn án, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò fa omi inú mọ́tà gbẹ, mọ́tà náà yóò sì di eruku. Ẹ fi aṣọ tútù bò ó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ má ṣe é ní àsìkò yìnyín. Kí ẹ tó tan ọwọ́ sí ibi púpọ̀, ẹ fi ibi kékeré dán an wò, kí òtútù ọdún kan kọjá lórí rẹ̀.

Ẹ̀wọ̀n irin tún wà tí àwọn Fossati fi di ìdí igbá náà. Irin tó bá dípẹtà máa ń wú, bó bá sì wú, yóò la ohun tó yí i ká. Ẹ jẹ́ kí aráyé mọ bó ṣe wà báyìí.

Nísàlẹ̀ òrùlé yìí ni ohun tí Mùsùlùmí fẹ́ràn àti ohun tí Kìrìsìtẹ́nì fẹ́ràn ti jọ ń gbé, omi kan náà ló sì ń bá wọn jà. Ní àárín igbá, Kazasker Mustafa İzzet Efendi, ọ̀gá nínú ọnà ìkọ̀wé Lárúbáwá, kọ gbólóhùn Àlùkùránì láti inú Súrà Núúrù, ẹsẹ 35, tó sọ pé Ọlọ́hun ni Ìmọ́lẹ̀ sánmọ̀ àti ilẹ̀. Òun náà ló kọ àwọn pátákó rọ̀bọ̀tọ̀ mẹ́jọ tó fẹ̀ tó mítà 7.5 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ yẹ ibi tí wọ́n gbé so mọ́ ògiri wò, nítorí wọ́n wúwo. Ní ọ̀gangan ibi tí pẹpẹ ṣọ́ọ̀ṣì wà, Màríà jókòó pẹ̀lú Ọmọ rẹ̀, mósáìkì tí wọ́n ṣí sójú ayé ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹta 867. Míráàbù, ibi tí ìmáàmù ń kọjú sí, wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kò sì sí ní àárín gan-an, ó yà díẹ̀ sí gúúsù nítorí Mẹ́kà. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo ìyàtọ̀ kékeré yẹn ti rí ìtàn ilé náà tán.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé mósáìkì oníwúrà kì í ṣe ọ̀dà. Ègé gíláàsì kéékèèké ni, bébà wúrà wà lójú rẹ̀, gíláàsì mìíràn tó tẹ́ẹ́rẹ́ gan-an sì bò wúrà náà. Ásíìdì, búrọ́ọ̀ṣì líle tàbí ọṣẹ ìfọlé yóò ṣí gíláàsì òkè yẹn, wúrà yóò sì bá a lọ. Àwọn tó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kò tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, wọ́n da ojú ègé kọ̀ọ̀kan kọ díẹ̀ kó lè gba ìmọ́lẹ̀ fèrèsé sísàlẹ̀. Alátùn-únṣe tó bá tò ó tẹ́ bí táìlì ti pa iná rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó mọ iṣẹ́ fi orí ìka kàn án wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́: ibi tó bá dún gbàgbà bí igbá òfìfo ti ṣí kúrò lára ògiri. Wọ́n á lẹ bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ ojú rẹ̀ kó má bàa já, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ fún omi díẹ̀ wọ ẹ̀yìn rẹ̀ kó lè rin, kí wọ́n tó fún láìmù ṣíṣàn wọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá fún un pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìwúwo omi yóò já gbogbo rẹ̀. Ní ti aṣọ ìkélé tí ẹ fi ń bo àwọn àwòrán nígbà ìrun, a kò bá yín jiyàn. Kó ṣáà wà lórí irin tirẹ̀ tí kò kan mósáìkì, kí àlàfo afẹ́fẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sì ṣí i gbàrà tí ìrun bá parí.

Láti oṣù Kíní 2024, àwọn arìnrìn-àjò ń san yúrò 25, òkè ni wọ́n sì ń gbà, nígbà tí ìsàlẹ̀ jẹ́ ti àwọn olùjọsìn. Ìpínyà yẹn dín ẹrù tó wà lórí mábù ilẹ̀ kù, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kápẹ́ẹ̀tì bo mábù náà báyìí, ohun tó bá sì wà lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ojú kì í tó o. Ẹ máa ká a ní apá kan sí apá kan, ẹ wò ó bóyá ọ̀rinrin wà lábẹ́ rẹ̀, bóyá òkúta kan ti là sí i. Kí ọkọ̀ tàbí ẹ̀rọ tó wúwo má kọjá lórí mábù láìsí pákó tó fẹ̀ tí yóò pín ìwúwo rẹ̀. Ní 2022, gbogbo ayé rí àwòrán igi Ilẹ̀kùn Ọba tí wọ́n ti ha lára. Ẹ̀ṣọ́ kan tó dúró síbẹ̀ ní gbogbo ìgbà kò wọ́n ju ilẹ̀kùn náà lọ. Ní òkè, ibi mósáìkì Deesis, tó fi Jésù hàn láàárín Màríà àti Jòhánù Onítẹ̀bọmi, ẹ jẹ́ kí ohun tó ń wọn ooru àti ọ̀rinrin wà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru, kí iye èrò tí ẹ ń gbà wọlé lẹ́ẹ̀kan sì tẹ̀lé ohun tó bá sọ.

Ó wá ku ìmìtìtì ilẹ̀. Ti ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹjọ 1999 kò wó ilé náà. Ti ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kẹrin 2025, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 6.2 lábẹ́ òkun Marmara, kò wó o. Àwọn ògiri àtìlẹ́yìn ńlá tí Sinan, ọ̀gá ọ̀mọ̀lé àwọn Sultan, fi kún un ní nǹkan bíi 1573 wà lára ohun tó ràn án lọ́wọ́. Ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn ní ìdajì igbá tó ń gba ẹrù náà mọ́ra. Àríwá àti gúúsù kò ní, ìhà yẹn ni kí ojú yín wà. Ẹ̀rọ tó ń ka bí ilé náà ṣe ń mì ti wà nínú rẹ̀ láti 1991. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ohun tí ẹ̀rọ náà kà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, àti ohun tó bá kà nígbà tí iṣẹ́ bá parí, jáde sí gbangba papọ̀. Ohunkóhun tí ẹ bá fi dì í, irin ni o, aṣọ fọ́nrán ni o, ẹ jẹ́ kó ṣeé tú lọ́jọ́ iwájú láì ba bíríkì jẹ́. Kọnkéré tí a dà mọ́ ọn kò ṣeé tú.

Ní 2021, UNESCO béèrè ìròyìn lọ́wọ́ yín lórí ipò ilé náà. Ìròyìn kan lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún púpọ̀ kò tó nígbà tí òrùlé wà ní ṣíṣí. Ẹ jẹ́ kó máa jáde lóṣooṣù, ojú ìwé méjì péré: abala òjé mélòó lẹ ká, kí lẹ bá lẹ́yìn rẹ̀, irú mọ́tà wo lẹ pò, mélòó ni iyọ̀ tó jáde, fọ́tò ibi kọ̀ọ̀kan ṣáájú àti lẹ́yìn. Ẹ sọ iye tó wọ ilé náà padà nínú yúrò 25 kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi àwọn ọ̀dọ́ kọ́ṣẹ́ láìmù àti iṣẹ́ òjé lórí òrùlé yẹn nísinsìnyí, nítorí nígbà tí ẹ bá tú irin kúrò, ibi tí wọn yóò ti rí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ yóò jìnnà.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fọ́tò ẹ̀yìn abala òjé àkọ́kọ́ tí ẹ bá yí padà ní ìhà àríwá. A ń retí rẹ̀.

Àwa ni tiyín,
àwa tí a fọwọ́ sí i, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, láti ilẹ̀ Yorùbá.